“Kì í Ṣe Èèyàn”: Ìbéèrè Kan Nínú Iṣẹ́ Kishi Yusuke

Ní orílẹ̀-èdè Japan, àwọn òǹkọ̀wé ìtàn amúnifòyà pọ̀, àwọn tó ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sì pọ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó gba ẹ̀bùn pàtàkì nínú méjèèjì, tó tún gba ti ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì lé e, ló ṣọ̀wọ́n. Kishi Yusuke wà lára wọn. Ó gba Ẹ̀bùn Ìtàn Amúnifòyà ti Japan ní 1997 fún Kuroi Ie (Ilé Dúdú), ti Ẹgbẹ́ Òǹkọ̀wé Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní 2005 fún Garasu no Hanmā (Òòlù Onídígí), ó sì gba ẹ̀bùn ńlá ti ìtàn onísáyẹ́ǹsì ní 2008 fún Shinsekai yori (Láti Inú Ayé Tuntun). Ó rọrùn láti wò ó bí ọlọ́gbọ́n tó mọ iṣẹ́ mẹ́ta. Lójú tèmi, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń gbé kiri nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ta ni a fi ẹ̀tọ́ fún láti sọ pé ẹnìkan kì í ṣe èèyàn?

Nínú Ilé Dúdú, Wakatsuki Shinji ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ adójútòfò ẹ̀mí kan ní Kyoto. Oníbàárà kan ránṣẹ́ pè é sílé. Òkú ọmọdékùnrin kan tó so rọ̀ ló bá níbẹ̀. Bí Wakatsuki ti ń wo òkú náà ni ọkọ ìyá ọmọ náà ń wo ojú Wakatsuki. Lẹ́yìn èyí, ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ọ́fíìsì lójoojúmọ́ láti béèrè bóyá owó ti jáde. Kò sí iwin nínú ìwé yìí, kò sí àǹjọ̀nú. Ohun tó ń bani lẹ́rù ni pé ètò tí a gbé kalẹ̀ kí opó àti ọmọ òrukàn lè rí jẹ ló sọ ẹ̀mí ọmọdé di ohun tó ní iye. Kishi mọ ibi tó ń sọ. Osaka ni a bí i sí ní 1959. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ètò ọrọ̀-ajé ní Yunifásítì Kyoto, ó sì ṣiṣẹ́ adójútòfò ẹ̀mí kí ó tó fi ìwé kíkọ ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Àwọn ojú-ìwé tó kún fún fọ́ọ̀mù àti òǹtẹ̀ ló dára jù nínú ìwé náà.

Àárín rẹ̀ ni àríyànjiyàn ti ṣẹlẹ̀. Onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan ní wọ́n bí àwọn kan láìní ẹ̀rí ọkàn rárá. Megumi, àfẹ́sọ́nà Wakatsuki, kọ̀ jálẹ̀. Megumi ni mo gbè lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ìtàn náà kò gbè é. Nígbà tí a fi máa mọ apààyàn náà gan-an (ìyàwó ni, kì í ṣe ọkọ), òǹkọ̀wé kò fi nǹkankan sínú obìnrin náà tí a lè bá sọ̀rọ̀. Àwa tí a ń sọ Yorùbá mọ irú gbólóhùn yìí. A lè wo ẹni tó ní ojú méjì àti apá méjì, kí a ní kì í ṣe èèyàn, kí gbogbo ilé sì mọ̀ pé ìwà là ń bá wí. Ewu ibẹ̀ ni ọjọ́ tí ẹnìkan bá gbàgbé pé ìwà ni, tó wá rò pé ara ni.

Òòlù Onídígí kò dá wa dúró pẹ́. Wọ́n pa ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan tó ń tọ́jú àwọn arúgbó sínú yàrá tí ẹnikẹ́ni kò lè wọ̀. Agbẹjọ́rò obìnrin kan àti ọkùnrin tó mọ àdììtú kọ́kọ́rọ́ sì jọ ń wá ojútùú rẹ̀. Síbẹ̀, ìdajì kejì ìwé náà bọ́ sí ọwọ́ apààyàn, a sì rí ìdí rẹ̀, ìgbésẹ̀ dé ìgbésẹ̀. Ohun tí a kò fún obìnrin Ilé Dúdú ni a fún ọ̀dọ́mọkùnrin yìí.

Láti Inú Ayé Tuntun ni ìdáhùn kíkún. Lẹ́gbẹ̀rún ọdún sí ìsinsìnyí, àwọn èèyàn ní agbára láti fi ọkàn gbé nǹkan. A sì ti ṣe ara wọn lọ́nà tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá pa èèyàn, òun náà yóò kú. Watanabe Saki, tó ń sọ ìtàn náà, dàgbà ní abúlé tó tòrò, níbi tí àwọn ọmọ tí agbára wọn kò dúró ti ń pòórá, tí àwọn yòókù sì ń gbàgbé wọn. Orin kan ló ń pe ọmọdé wálé nírọ̀lẹ́: ohùn láti inú símfónì kẹsàn-án Dvořák, tí ọ̀pọ̀ ìlú Japan ń lò bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. New York ni Dvořák ti kọ ọ́ ní 1893, lásìkò tí Harry Burleigh, akọrin adúláwọ̀, ń kọ orin ẹ̀mí tó kọ́ lẹ́nu bàbá ìyá rẹ̀, tó ti jẹ́ ẹrú rí, fún un. Kishi kò sọ èyí. Ṣùgbọ́n kò dájú pé òǹkàwé tó wà ní Bahia tàbí Baltimore lè ka ìwé náà kí ó má gbọ́ ọ.

Nítorí pé ẹrú wà nínú abúlé náà. Àwọn ẹ̀dá kan tó dà bí eku, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, ń ṣiṣẹ́ fún èèyàn, èèyàn sì lè pa ìletò wọn run láìjẹ̀bi. Squealer, olórí wọn, dìtẹ̀, ó sì pàdánù. Ní ilé ẹjọ́, wọ́n bi í pé kí ló jẹ́. Ó ní èèyàn ni àwọn. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rẹ́ Saki yẹ ara wọn wò: krómósómù wọn jẹ́ 46. Àwọn tí kò ní agbára ni wọ́n, tí a yí ara wọn padà kí àwọn alágbára lè máa pa wọ́n láìkú. Ara wọn ni a kọ́kọ́ yí kí gbólóhùn náà lè di òótọ́.

Èyí ló mú kí Aku no Kyōten ti 2010 já mi kulẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gba Ẹ̀bùn Yamada Fūtarō, tí Miike Takashi sì fi ṣe fíìmù ní 2012. Hasumi, olùkọ́ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn, ń súfèé bó ti ń pa wọ́n. Ìwé náà ń sáré, ó sì dùn ún kà, ṣùgbọ́n ó padà sí ẹ̀dá tí a bí láìní ọkàn, láìsí Megumi tí yóò jiyàn. Lọ́dún fíìmù náà kan náà ni anime Láti Inú Ayé Tuntun, tó ní ìpín 25, bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìgbẹ́jọ́ Squealer wà níbẹ̀, ẹ̀rín náà sì wà níbẹ̀.