Okùn Ìwọ̀n Kì í Gbè Sẹ́yìn Ẹnikẹ́ni

Nínú gbogbo irinṣẹ́ bíríkìlà, okùn ìwọ̀n ni mo kà sí jù, nítorí kò mọ onílé, kò mọ ọ̀gá, kò mọ ọmọṣẹ́. Okùn lásán ni, tí irin ṣóńṣó tó wúwo rọ̀ sí ìdí rẹ̀. Òjé ni wọ́n fi ń ṣe irin náà láyé àtijọ́, òjé kan náà tí àwọn olórìṣà Ọbàtálá fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Plumbum ni àwọn ará Róòmù ń pè é. Ibẹ̀ ni orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fún okùn yìí, plumb line, ti wá, ibẹ̀ náà ni orúkọ plọ́ńbà ti wá, torí òjé ni páìpù omi àwọn ará Róòmù. Lílò rẹ̀ kò le. A ó kan ìṣó mọ́ igi pẹlẹbẹ lórí ògiri, a ó so okùn kọ́ ọ kí irin má fara kan ògiri, a ó dúró títí kò fi ní mì mọ́, a ó wá wọn àlàfo àárín okùn àti ògiri lókè àti nísàlẹ̀. Bí méjèèjì bá dọ́gba, ògiri dúró ṣánṣán. Bí atẹ́gùn ọ̀sà bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, a ó ri irin náà sínú garawa omi, yóò sì fara balẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ inú iṣẹ́ wa á ní lẹ́fẹ̀lì ti dé, ẹ̀rọ tó ń ta ìlà iná sára ògiri náà ti dé, kí la tún ń fi okùn ṣe? Pé wọ́n yá, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Lẹ́fẹ̀lì tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 4 lè fi mìlímítà 2 ṣìnà kí ojú má rí i. Kí a tó fi wọn ilé alájà mẹ́ta dé òkè, a ó ti gbé e nígbà mẹ́wàá. Bí àṣìṣe náà bá ń forí lé ibì kan, mìlímítà 2 á di 20. Okùn kì í kó àṣìṣe jọ bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń wọn ògiri láti òkè délẹ̀.

Ẹlòmíràn á tọ́ka sí àwọn ilé alámọ̀ ayé àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí ògiri wọn rí gbágungbàgun tí wọ́n sì pẹ́. Ògiri wọn nípọn ni. Bó tilẹ̀ wọ́ díẹ̀, orí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ náà ni ìwúwo rẹ̀ ń sọ̀ sí. Búlọ́ọ̀kù ínǹṣì 9 tàbí 6 tí à ń lò lónìí kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Kì í sì ṣe gbogbo ilé àtijọ́ ló wọ́: Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní òpópónà Martins, tí João Baptista da Costa, ọmọ Àgùdà, kọ́, tí wọ́n sì ṣí ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 1894, ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kírun nínú rẹ̀. Iṣẹ́ irú ìyẹn kò ṣe é fojú díwọ̀n.

Àtakò tó wúwo jù ni pé kì í ṣe wíwọ́ ló ń wó ilé l'Ékòó. Òótọ́ ni. Símẹ́ńtì tí kò tó, irin tín-ín-rín, àjà tí wọ́n fi kún ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò gbà á, ilẹ̀ rírọ̀ etí ọ̀sà: ìwọ̀nyí ló ń pa èèyàn. Ilé tó wó ní Ìta Fájì lọ́jọ́ 13 oṣù Kẹta 2019, tí ilé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀, pa àwọn ọmọ kéékèèké. Okùn kò lè rí irin inú kọ̀ǹkéré. Ṣùgbọ́n bí a bá wọn ògiri lónìí, tí a kọ ọ́ sílẹ̀, tí àlàfo náà sì ti yí padà lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ilé náà ń yẹ̀ nìyẹn, kò sí ọ̀dà tó lè bò ó. Nítorí náà, ẹ̀yin onílé Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ má dúró dìgbà tí ògiri bá lanu. Ẹ jẹ́ kí bíríkìlà máa so okùn kọ́ ilé yín lọ́dọọdún. Bí ó bá ti yẹ̀, ẹ kó àwọn èèyàn jáde, kí ẹ sì pe ẹnjiníà.