Èènì Ni, Kì í Ṣe Sàráà: Lámèyítọ́ Lórí Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́ fún Àwọn Tó Ní Ojú Òpó Ayélujára

Nígbà tí ìgbìmọ̀ olóòtú ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n ń retí lẹ́nu mi, nítorí pé iṣẹ́ ìjọba ni mo ń ṣe, mo sì ti sún mọ́ ẹnu ọ̀nà àbájáde. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ di ọdún mìíràn. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń dùn mí lọ́kàn láti ọjọ́ pípẹ́, gbogbo wa ló sì kàn.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ yóò rántí pé ní ọdún 2008 a ní ojú òpó kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ló bá wa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, lórí ilẹ̀ ọ̀fẹ́, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó kà ní káfè. A pàtẹ́wọ́ fún un. Oníkálukú kó àwòrán jáde nínú àpótí: àwòrán àwọn bàbá tó bá ọkọ̀ ojú irin wá sí ìlú yìí, àwòrán àwọn ìyá tó kọ́kọ́ gba ṣọ́ọ̀bù lọ́jà, àwòrán ọjọ́ tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ gbọ̀ngàn lélẹ̀, àti ìwé orúkọ àwọn olóògbé wa. Akọ̀wé ìgbà náà ní níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn kò lè sọnù mọ́ láéláé. Àwọn kan tilẹ̀ fi ojúlówó àwòrán náà sílẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ yẹn. Lọ́jọ́ kan ní 2012 a tẹ àdírẹ́sì náà, a kò bá nǹkankan níbẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ni ilẹ̀ ọ̀fẹ́ ti kógbá wọlé, ìkìlọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sì wà nínú àpótí ímeèlì tí ẹnikẹ́ni kò ṣí láti ọdún méjì. Ọmọ náà ti lọ ṣe agùnbánirọ̀ ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Nígbà tí a rí i, kò mọ ibi tí àpò àwòrán wà. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ní báyìí, ẹ̀ka àwọn ọ̀dọ́ wa ń fẹ́ ṣe òmíràn. Ní ìpàdé kan láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú wọn dìde, ó ní kí ẹgbẹ́ má ná kọ́bọ̀, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni gbogbo ẹ̀: ọ̀fẹ́ ni ilẹ̀, ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́, ọ̀fẹ́ ni ìpolówó. Mo pinnu láti ka àwọn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà fúnra mi kí n tó sọ̀rọ̀. Mi ò kì í ṣe ọ̀mọ̀wé kọ̀ǹpútà o, dípúlómà ni mo gbà ní Pólì, nínú ìmọ̀ ìṣirò. Ṣùgbọ́n mo mọ ìwé kà, mo sì mọ owó kà.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni èyí. Bí ẹ bá lọ ra èlùbọ́, tí olọ́jà tún bu díẹ̀ lé e, èènì nìyẹn. Kò ṣe sàráà. Ó fẹ́ kí ẹ padà wá ni. Kò sí ohun tó burú nínú èènì, ọjà wo ló dùn láìsí i? Àmọ́ ẹni tó bá gbé èènì lọ sílé tó rò pé sàráà ni, kò ní mọ ìgbà tó san owó rẹ̀. Iléeṣẹ́ Google tó ń kọ́ ayé bí a ṣe ń polówó ọjà, orí ìpolówó ọjà ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó tó ń wọlé fún un ti ń wá. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí a ṣe ń lọ.

Ní oṣù Keje 2017, ọ̀gá àgbà Google, Sundar Pichai, wá sí Èkó, ó sì ṣèlérí pé àwọn yóò kọ́ mílíọ̀nù 10 ènìyàn ní Áfíríkà nípa iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín ọdún 5. Ìlérí ńlá ni. Nígbà tí wọ́n ń ka àwọn èdè tí wọ́n fi ń kọ́ni, wọ́n dárúkọ Swahili, Haúsá àti Zulu. Wọn kò dárúkọ Yorùbá. Àwa tí a wà ní ilẹ̀ Haúsá kò lè bínú pé wọ́n dárúkọ Haúsá, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló gbọ́ ọ ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n dúró sí sọ ọ́! Ìyá tó ń ta ata gígún ní Kakuri, tí Haúsá rẹ̀ kò ju ti ọjà lọ, tí kò sì kàwé Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ yẹn kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní 2020 tí ìjọba sé wa mọ́lé nítorí kòrónà, èmi fúnra mi jókòó ti ẹ̀kọ́ ìpolówó ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Google ń ṣe nígbà náà. Orí 26 ló ní, wọ́n ní yóò gba nǹkan bí wákàtí 40, ìwé ẹ̀rí sì wà lẹ́yìn rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Mo gbóríyìn fún wọn lórí bí wọ́n ṣe gé e kéékèèké. Fídíò kọ̀ọ̀kan kò gùn, ohùn wọn dá ṣáká, ìbéèrè díẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e kí ènìyàn má baà sùn lọ. Ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní búlọ́ọ̀gù rárá yóò ti mọ̀ ọ́n kó tó parí. Àléébù ibẹ̀ méjì ni. Àpẹẹrẹ wọn jẹ́ ti ilé ìtajà ìlú Òyìnbó, níbi tí iná kì í lọ, tí ilé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, tí àwọn oníbàárà sì ń fi káàdì sanwó láìbá ẹnikẹ́ni nájà. Èkejì ni pé bí ẹ̀kọ́ ṣe ń lọ síwájú, bẹ́ẹ̀ ni ó ń rọra darí yín sí ibi tí ẹ ti máa ra ìpolówó. Èènì ti ń di ọjà nìyẹn. Owó dátà tí mo fi wo fídíò wọ̀nyẹn, n kò fẹ́ sọ ọ́ jáde nítorí ìyáálé ilé.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni ìwé ìtọ́sọ́nà tí Google kọ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ní ojú òpó, bí ojú òpó wọn yóò ṣe máa hàn nígbà tí ènìyàn bá ń wá nǹkan. Láti 2008 ni ìwé náà ti wà, wọ́n sì tún un ṣe gan-an ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, tí wọ́n gé e kúrú. Ìwé tó ń sọ òótọ́ ni. Ó sọ gbangba pé kò sí àṣírí kan tó máa gbé ẹnikẹ́ni dé ipò kìn-ín-ní. Ó ní bí ẹ bá tún nǹkan ṣe lónìí, ó lè gba wákàtí díẹ̀, ó sì lè gba oṣù díẹ̀ kí ẹ tó rí àyípadà. Ó tún ka àwọn ohun tí kò yẹ kí ẹ fi àkókò ṣòfò lé lórí. Ọ̀kan nínú wọn ni àwọn kókó ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹlẹ́rọ máa ń kó pamọ́ sínú ojú òpó. Láti oṣù Kẹsàn-án 2009 ni Google ti kéde pé àwọn kì í wò ó mọ́ láti fi to ojú òpó tẹ̀ lé ara wọn. Síbẹ̀, àwọn kan ṣì ń gba owó lórí rẹ̀.

Kí ló mú mi tẹnu mọ́ ọn bẹ́ẹ̀? Àbúrò ìyàwó mi, Ìyá Bọ́lá, ń ta èlùbọ́, lááfún àti irú. Ní 2019, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gba ₦120,000 lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun yóò ṣe ojú òpó fún un, òun yóò sì sọ ọ́ di ẹni àkọ́kọ́ lórí Google. Oṣù mẹ́rin kọjá, ẹnikẹ́ni kò pè é. Ó gbé fóònù wá bá mi.

“Bọ̀dá, ẹ bá mi wo nǹkan yìí o. Wọ́n ní mo wà níbẹ̀, n kò sì rí ara mi.”

Mo fi ìka fa ojú ìwé náà wálẹ̀, àyè funfun lásán ni mo rí nísàlẹ̀. Ìgbà tí mo fi ìka tẹ ibẹ̀ pẹ́ ni ọ̀rọ̀ hàn: “elubo Kaduna, elubo Kaduna”, ó lé ní ọgọ́ta ìgbà, lẹ́tà funfun lórí ojú ìwé funfun! Google kà á sí màkàrúrù, ojú òpó tó bá ṣe é lè di ohun tí wọ́n sọ sẹ́yìn pátápátá. Bẹ́ẹ̀ sì ni ó wà nínú ìwé Google fúnra wọn, lọ́fẹ̀ẹ́, pé kò sí ẹni tó lè ṣèlérí ipò kìn-ín-ní, àti pé ènìyàn kò lè sanwó fún Google kó lè hàn lókè láàárín àwọn tí kì í ṣe ìpolówó. Ká ní Ìyá Bọ́lá rí ojú ìwé kan péré yẹn kà ní èdè tó yé e, owó ọjà rẹ̀ ì bá ṣì wà lápò. Owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ni.

Ibì kan tún wà nínú ìwé ìtọ́sọ́nà náà tó wúlò fún wa ju bí àwọn tó kọ ọ́ ṣe mọ̀ lọ. Wọ́n ní kí ẹ ronú nípa ọ̀rọ̀ tí oníbàárà yóò tẹ̀ nígbà tó bá ń wá yín, nítorí pé orúkọ tí ẹnì kan fi ń pe nǹkan lè yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Àpẹẹrẹ wọn jẹ́ ti oúnjẹ Òyìnbó kan tí wọ́n ń fi ẹran àti wàràkàṣì tò sórí pátákó. Ẹ jẹ́ ká mú un wá sílé. Ọmọ Yorùbá tó wà ní Kàdúná kì í fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. “Elubo” ni yóò tẹ̀, tàbí “amala”, tàbí kó fi Gẹ̀ẹ́sì pè é. Nítorí náà, kí Ìyá Bọ́lá kọ èlùbọ́ pẹ̀lú àmì bó ṣe tọ́, kó sì tún kọ àwọn orúkọ yòókù sínú gbólóhùn tó nítumọ̀, ní ojú ayé. Bí a ṣe tún tirẹ̀ kọ nìyẹn. Mo sì bá a forúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀ lórí àwòrán ilẹ̀ Google, èyí tí kì í gba owó. Àwọn oníbàárà tó ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ láti Barnawa àti Sabon Tasha báyìí, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti rí nọ́ńbà rẹ̀. Èyí kò sọ ọ́ di olówó. Ó ń tà díẹ̀ sí i ni.

Ẹ má ṣe rò pé ẹ̀bùn yẹn náà kò lè yí padà. Google ti fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù tó forúkọ sílẹ̀ báyìí ní ojú òpó kékeré lọ́fẹ̀ẹ́ rí. Ní oṣù Kẹta 2024 wọ́n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. GeoCities tí Yahoo rà ní 1999, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́lé ọ̀fẹ́ sí, Yahoo tì í pa ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹwàá 2009. Linda Ikeji, tó bẹ̀rẹ̀ búlọ́ọ̀gù ní 2006 tí gbogbo Nàìjíríà sì mọ̀, ilẹ̀ Google ló kọ́ tirẹ̀ sí. Ní oṣù Kẹwàá 2014 búlọ́ọ̀gù náà pòórá fún ọjọ́ díẹ̀ kó tó padà. Bí èyí bá lè dé bá ẹni tí gbogbo ayé ń kà, mélòó mélòó ni ẹgbẹ́ wa?

WordPress ni àwọn ọ̀dọ́ wa ń dárúkọ jù. Láti 2003 ló ti wà, Matt Mullenweg àti Mike Little ló dá a sílẹ̀, mo sì gbà pé ọ̀kan nínú ohun rere tí íntánẹ́ẹ̀tì mú wá ni. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó wà lórí rẹ̀ pọ̀ jaburata, ó sì jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n irúgbìn ni wọ́n ń fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ilẹ̀ tí ẹ óò gbìn ín sí, ẹ óò yá a. Orúkọ tí ẹ óò kọ sí ẹnu ọ̀nà oko, lọ́dọọdún ni ẹ óò máa sanwó rẹ̀, bóyá .com ni o tàbí .org.ng ti ilẹ̀ wa. Iléeṣẹ́ tó ń fúnni ní irúgbìn àti ilẹ̀ pọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ wà, WordPress.com ni, àmọ́ orúkọ wọn ni yóò gbẹ̀yìn orúkọ yín, ìpolówó wọn ni yóò sì hàn lójú òpó yín. Àwọn tó ń kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́ kì í fi èyí ṣáájú ọ̀rọ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń sọ ọ́, nígbà tí ènìyàn ti kọ́lé tán.

Ní ti àwọn tó ń pín ìwé ọ̀fẹ́ tó ní ẹ óò di mílíọ̀nù nípa búlọ́ọ̀gù, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Mo ka mẹ́ta. Ojú ewé mẹ́wàá àkọ́kọ́ jẹ́ ìtàn bí òǹkọ̀wé ṣe jìyà, ojú ewé tó kẹ́yìn jẹ́ nọ́ńbà báńkì.

Ohun tí mo sọ fún alága àti ìgbìmọ̀ ni pé kí àwọn ọ̀dọ́ wa lo WordPress, kí wọ́n sì ka ìwé ìtọ́sọ́nà Google tẹnu tìdí. Kí ẹgbẹ́ sanwó ilẹ̀ àti ti orúkọ, kí orúkọ náà wà lórúkọ ẹgbẹ́, kì í ṣe lórúkọ ọmọ ẹnikẹ́ni. Kí ímeèlì tí ìkìlọ̀ yóò máa wọ̀ sí wà lọ́wọ́ akọ̀wé àti akápò méjèèjì. Kí ẹnì kan nínú àwọn olùkọ́ wa sì tú ojú ìwé méjì tó ṣe pàtàkì nínú ìwé ìtọ́sọ́nà náà sí Yorùbá tó mọ́lẹ̀, ká tẹ̀ ẹ́ fún àwọn ìyá ọlọ́jà. Akápò fajú ro nígbà tó gbọ́ ti owó ọdọọdún, ṣùgbọ́n ó ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwòrán. Mo mọ̀ pé àwọn ilé kan ṣì ní díẹ̀ nínú àwọn tó sọnù, tàbí ẹ̀dà wọn. Akọ̀wé yóò wà ní gbọ̀ngàn ní gbogbo ọjọ́ ìpàdé pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya àwòrán sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ sẹ́yìn kí ẹ tó mú un wá, pàápàá àwọn tí ọmọ wọn kò gbé ní ìlú yìí mọ́. Kí ẹ dúró ti akọ̀wé títí yóò fi yà á tán, kí ẹ sì mú àwòrán yín padà lọ sílé.