Ibi Tí Iná Dúró Sí

Bí wọ́n bá ti alùpùpù tó kọ̀ tí kò sítáàtì dé ọ̀dọ̀ ríwáyà tó mọṣẹ́, kì í kọ́kọ́ fọwọ́ kan sípánà. Á ní kí ẹni tó gbé e wá ṣí kọ́kọ́rọ́, kó tẹ bọ́tìnì, kí gbogbo èèyàn sì dákẹ́. Bó bá dún "ta" lẹ́ẹ̀kan péré, ríléè, súwíìsì tó ń fi iná ránṣẹ́ sí sítátà, ti ṣe tirẹ̀, sítátà ni kò rí agbára gbà. Bó bá ń dún "ta-ta-ta-ta", iná wà ṣùgbọ́n kò tó: ríléè gbà, agbára bátìrì já wálẹ̀, ríléè tú sílẹ̀, agbára tún gòkè díẹ̀, ríléè tún gbà. Bí sítátà bá ń yí dáadáa tí ẹ́ńjìnnì ò gbiná, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ bátìrì, ó ti di ti pílọ́ọ̀gì àti àwọn tó ń bọ́ ọ. Bí kò bá sì sí ìró kankan, ó mọ̀ pé òun máa jókòó.

Iṣẹ́ yìí ṣì pọ̀ ní Festac Town àti àyíká Amuwo-Odofin. Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ 6 láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2022, Amuwo-Odofin kò sí lára wọn. Bẹ́ẹ̀ ni àdúgbò náà sún mọ́ omi. Ọ̀rinrin ń ti ìhà ọ̀sà wọlé, òjò sì máa ń dá adágún sílẹ̀ lójú títì tí wọ́n là nítorí àjọ̀dún FESTAC ọdún 1977. Irin tó bá ń gba inú irú omi bẹ́ẹ̀ kọjá á dógùn-ún, bàbà inú wáyà á sì hu nǹkan aláwọ̀ ewé tí ojú kì í rí nítorí pé rọ́bà bò ó. Ọ̀pọ̀ àìsàn tí wọ́n ń pè ní "bátìrì ti kú" níbí, abẹ́ rọ́bà yẹn ló wà.

Púpọ̀ nínú àwọn alùpùpù wọ̀nyí, bí orúkọ ara wọn ti wù kó jẹ́, tẹ̀ lé ìlànà Honda CG125 tó jáde lọ́dún 1976, tí àwọn ilé iṣẹ́ Ṣáínà wá ṣe oríṣiríṣi ẹ̀dà rẹ̀. Wọ́n mú àwọ̀ wáyà Honda náà mọ́ ọn. Wáyà pupa ń ti bátìrì bọ̀. Dúdú ń gbé iná lẹ́yìn tí kọ́kọ́rọ́ bá ti ṣí. Aláwọ̀ ewé ni ẹ́ẹ̀tì, tó ń dá iná padà sí bátìrì. Òféfèé tó ní ìlà pupa ń ti bọ́tìnì lọ sí ríléè. Dúdú tó ní ìlà funfun ni wọ́n fi ń pa ẹ́ńjìnnì. Ọ̀gá ríwáyà ń kà wọ́n bí a ti ń ka lẹ́tà. Ohun tó máa ń bà á nínú jẹ́ ni alùpùpù tí ọwọ́ oníkánjúkánjú ti kan ṣáájú rẹ̀, tí wọ́n ti fi wáyà búlúù so pupa, tí wọ́n fi funfun so ewé, tí wọ́n wá fi ọ̀rá dì í. Mo ti rí ẹni tó tú gbogbo ìsokọ́ra bẹ́ẹ̀, tó wá wáyà aláwọ̀ tó yẹ nínú àpò ẹrù àlòkù rẹ̀, tó sì fi rọ́pò wọn níkọ̀ọ̀kan. Ọlọ́kadà kò bẹ̀ ẹ́. Kò fi kún owó. Ríwáyà mìíràn tí alùpùpù náà bá kàn lọ́jọ́ iwájú, ní Agboju tàbí ní Alakija, ló ń ro tiẹ̀.

Ibi tí mo ti kan sáárá sí ọ̀gá ríwáyà jù ni bó ṣe ń lo mítà. Bátìrì 12 volt ní ilé mẹ́fà nínú, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú bíi 2.1 volt wá, nítorí náà èyí tó kún á fi nǹkan bíi 12.6 hàn nígbà tí ohunkóhun ò fà á. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń dúró sí. Wọ́n rí 12 lójú mítà, wọ́n ní bátìrì dáa, wọ́n wá kọjú sí sítátà, wọ́n tú u palẹ̀. Mítà kì í fa iná tó nǹkan. Fọ́nrán bàbà kan péré tó ṣẹ́kù nínú wáyà tó ti jẹrà lè gbé 12 volt dé ojú rẹ̀ láìsí wàhálà. Sítátà ní tirẹ̀ ń fa ọ̀pọ̀ amp lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí wáyà rẹ̀ fi nípọn. Ó dà bíi ti ojú ọ̀nà: ẹni tó bá gba Mile 2 kọjá láago méjì òru á ní ọ̀nà náà dára. Láago méje àárọ̀, tí gbogbo ayé ti jáde, ni ibi tó fún á hàn. Nítorí náà, ìgbà tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ ni ọ̀gá ń ka mítà.

Bí bátìrì bá já sí 8 volt lójú ẹsẹ̀, bátìrì ló ti rẹ̀. Bó bá dúró gbọnyin lórí 12 tí sítátà ò sì mira, iná ò tíì kúrò lára rẹ̀ rárá, ọ̀nà ló dí. Lẹ́yìn náà ló máa ń ṣe ohun kan tí ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ kì í tètè lóye. Á fi ẹnu mítà kan lé orí nẹ́gátíìfù bátìrì, á fi èkejì lé irin ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, á ní kí wọ́n tẹ bọ́tìnì. Bí ẹ́ẹ̀tì bá dáa, mítà kò ní fi bẹ́ẹ̀ kúrò lórí òdo. Bó bá fi 2 tàbí 3 volt hàn, agbára tó yẹ kó dé sítátà ló ń ṣòfò níbẹ̀ yẹn. Á ṣe bákan náà láti orí pósítíìfù dé ríléè, láti ẹsẹ̀ ríléè kan dé èkejì, láti ríléè dé sítátà. Kò tíì tú nǹkan kan, ó sì ti mọ apá ọ̀nà tó bàjẹ́.

Ìtúnṣe fúnra rẹ̀ kì í pẹ́. Á kọ́kọ́ yọ wáyà nẹ́gátíìfù, torí bí sípánà bá kan irin alùpùpù nígbà tó ń tú pósítíìfù, iná á ṣẹ́ lójijì. Á fi sánpépà ha orí wáyà àti irin abẹ́ rẹ̀ títí wọ́n á fi dán, á dè é le, lẹ́yìn náà ni á fi Vaseline pa á lára kí ọ̀rinrin má tún rọ́nà wọlé.

Èyí tí kò dún rárá ń fẹ́ ọgbọ́n mìíràn. Àárín ọ̀nà ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Á fi iná ìdánwò kan wáyà òféfèé onílà pupa lẹ́nu ríléè, á ní kí wọ́n tẹ bọ́tìnì. Bí iná bá tàn, fíúsì, kọ́kọ́rọ́ àti bọ́tìnì ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn nígbà kan náà. Ríléè ló kù, tàbí wáyà rẹ̀ kejì, èyí tó ń gba súwíìsì fírì tàbí ti kílọ́ọ̀ṣì lọ sí ẹ́ẹ̀tì lára ọ̀pọ̀ alùpùpù. Bí kò bá tàn, ó ti mọ̀ pé ẹ̀yìn ló yẹ kóun padà sí.

Ti pílọ́ọ̀gì ni owó ti ń ṣòfò jù. Ọlọ́kadà á ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti ní kí n lọ ra kọ́ìlì." Ọ̀gá á ní, "Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò fún ẹ? Mú owó ẹ dání ná." Á ti epo pa, á yọ pílọ́ọ̀gì, á gbé e ti irin ẹ́ńjìnnì, jìnnà sí ibi tí epo ti lè kán, á ní kí wọ́n fẹsẹ̀ ta kíìkì. Iná tó dáa ń dún, àwọ̀ rẹ̀ sì fẹ́ jọ búlúù. Èyí tó pupa ràkọ̀ràkọ̀ tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ kò lágbára. Bí kò bá sí iná rárá, á fa dúdú onílà funfun yọ lára CDI, àpótí tó ń darí iná pílọ́ọ̀gì, á ní kí wọ́n tún ta á. Lára àwọn tó ń lo iná magneto, wáyà yìí ń pa ẹ́ńjìnnì nípa fífi ara kan ẹ́ẹ̀tì. Bí iná bá wá ń ta, kọ́ìlì kò jẹ̀bi, CDI kò jẹ̀bi. Inú súwíìsì ni omi wọ̀. Wọn ò ra ohunkóhun.

Àwọn kan ń sítáàtì ní tútù, wọ́n á sì kọ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná. Irú èyí kò ṣeé yẹ̀ wò ní kánkán. Wáyà tín-ín-rín inú kọ́ìlì magneto lè ti já níbi kan. Bó bá tutù, á fara kan ara rẹ̀, bó bá gbóná, á yà. Ọ̀gá á fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ títí á fi kú fúnra rẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni á sáré fi mítà kan kọ́ìlì náà. Bó bá jẹ́ kó tutù kó tó wọ̀n ọ́n, kò ní rí nǹkan.

Bí alùpùpù bá ti dáhùn, iṣẹ́ kò tíì tán. Á tan iná iwájú, á fẹ ẹ́ńjìnnì díẹ̀, á wọn bátìrì lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ń wá nǹkan bíi 13.5 sí 14.5 volt. Bó bá rí 12.3 tó sì ń lọ sílẹ̀, á wò ó bóyá kọ́ìlì tó ń gba bátìrì sájì ń mú iná wá. Bó bá ń mú un wá, rectifier, tó ń tún iná náà ṣe fún bátìrì, ló kù. Á yọ ọ́, á fi lé ọlọ́kadà lọ́wọ́, á ní kó mú un dání lọ sí ASPAMDA, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Trade Fair, kó ka ẹsẹ̀ rẹ̀, kó sì fi wé tuntun kó tó sanwó.