Ìfẹ́ àti Ìgbẹ́kẹ̀lé nínú Ògbójú Ọdẹ

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan ní Alágbàká, Àkúrẹ́, mo gbọ́ tí oníwàásù kan ń sọ pé ẹni tí kò bá lè fọkàn tán arákùnrin rẹ̀, irọ́ ni ó ń pa bí ó bá ní òun fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ìjọ sì ṣe àmín. Ṣùgbọ́n mo rántí ìwé kan tí ọmọ Òkè-Igbó, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, kọ: Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà, tí ó jáde ní ọdún 1938. Ìwé náà kò gba ti oníwàásù.

Onígbàgbọ́ ni Fágúnwà, olùkọ́ sì ni. Nítorí náà ni àwọn kan fi ń ka ìwé rẹ̀ bí ẹni ń ka ìwàásù. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ṣe pẹ̀lú.

Nígbà tí ọba rán Àkàrà-ògùn sí Òkè Lángbòdó, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó mọ̀ ni ó pè; àwọn ògbójú tí a ti mọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni ó kó jọ. Kàkó Oníkùmọ̀ Ẹkùn wà lára wọn. Bí Kàkó ti fẹ́ lọ, obìnrin rẹ̀ dì mọ́ ọn, kò fẹ́ kí ó fi òun sílẹ̀. Kàkó fa àdá yọ, ó sì pa á. Síbẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá a rìn lọ sínú ewu. Ẹ kíyè sí i: ọkùnrin tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé lójú ìjà ni kò ní ìfẹ́ sí ẹni tí ó sún mọ́ ọn jù lọ. Àléébù ìwé náà, lójú tèmi, ni pé ìtàn kò dúró tó lórí òkú obìnrin náà.

Bíbélì pàápàá ya ohun méjèèjì sọ́tọ̀. Nínú òwe ará Samáríà, ẹni tí ó gbọgbẹ́ rí ìrànlọ́wọ́ gbà láìsí pé a wádìí ìwà rẹ̀: ìfẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ará Samáríà kọ́kọ́ san owó fàdákà méjì fún onílé èrò kí ó tó ṣe ìlérí ìyókù: níbẹ̀ ni ìgbẹ́kẹ̀lé ti bẹ̀rẹ̀. Jòhánù sì jẹ́rìí pé Jésù kò fi ara rẹ̀ lé àwọn ènìyàn lọ́wọ́, nítorí ó mọ inú wọn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti ṣe onígbọ̀wọ́ fún ará ìjọ, tàbí tí ó ti fi owó àjọ lé e lọ́wọ́, nítorí ìfẹ́ nìkan. Nígbà tí owó wọmi, wọ́n kórìíra gbogbo ayé. Gbèsè ni ìfẹ́ tí a jẹ ọmọnìkejì wa. Ìwà ni ó ń bí ìgbẹ́kẹ̀lé. Èmi kò wí pé kí a máa fura sí gbogbo ènìyàn. Àáró kò lè bẹ̀rẹ̀ bí ẹnì kan kò bá kọ́kọ́ lọ sí oko ẹnìkejì. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkejì kò bá san án padà, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni ó ṣòfò, kì í ṣe oko.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá kọ́ àwọn ọmọ dé ibi Kàkó, ẹ bi wọ́n pé: ta ni ó gbẹ́kẹ̀ lé e, ta ni ó sì fẹ́ràn rẹ̀? Kí wọ́n dáhùn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.