Ọ̀nà tí Oògùn Ń Gbà Wọ Ara

Bí a bá ti gbọ́ orúkọ oògùn ilẹ̀ wa, a ti mọ ọ̀nà tó ń gbà wọ ara. Àgbo, mímu ni. Àgúnmu, wọ́n gún un, wọ́n kù ú, wọ́n wá fi ẹ̀kọ gbígbóná mu ún. Àsèjẹ ń bá oúnjẹ wọlé. Gbẹ́rẹ́ ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ ya ẹnu wò: abẹ ló ṣílẹ̀kùn fún un. Àwọn tó sọ wọ́n lórúkọ mọ̀ pé bí ewé ti wù kó lágbára tó, bí kò bá rọ́nà dé ibi tí àrùn wà, asán ni. Ìdí nìyí tí oògùn ibà òde òní fi ń wù mí.

Ilẹ̀ Ṣáínà ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, lára ewé kan tí wọ́n ń pè ní qinghao. Ní ọ̀rúndún kẹrin, oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Ge Hong kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n rẹ ẹ̀kúnwọ́ ewé náà sómi, kí wọ́n fún un, kí aláìsàn mu oje rẹ̀. Kò ní kí wọ́n sè é. Ibẹ̀ gan-an ni ojú Tu Youyou, onímọ̀ ará Ṣáínà tó ń wá oògùn ibà, ti là: àṣé iná ló ń ba agbára ewé ọ̀hún jẹ́! Ó wá fi ether, nǹkan olómi kan tó ń hó ní nǹkan bí 35°C péré, yọ agbára náà jáde. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1971, ohun tó yọ jáde pa kòkòrò ibà lára eku pátápátá. Ọdún 2015 ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel.

Ṣùgbọ́n artemisinin, nǹkan tó wà nínú ewé yẹn, alágídí ni. Kì í fẹ́ yòrò nínú omi, kì í fẹ́ yòrò nínú òróró. Àwọn onímọ̀ bá tún un ṣe títí wọ́n fi rí artemether, tí òun àti òróró rẹ́, àti artesunate, tí wọ́n lè pò kí wọ́n sì gún sí iṣan ẹni tí ibà ti dá dùbúlẹ̀. Nínú oògùn ibà tó ń jẹ́ Coartem, artemether àti lumefantrine jọ wà nínú hóró kan. Ti àkọ́kọ́ a yára pa kòkòrò, a sì tètè kúrò lára. Èkejì a rọra ṣe é, a sì pẹ́ níbẹ̀. Lumefantrine sì fẹ́ràn ọ̀rá. Ẹni tó fi ẹ̀kọ oní-mílíìkì tàbí àkàrà lò ó, ara rẹ̀ á fà á mu ju ti ẹni tó fi omi lásán gbé e mì lọ. Ọ̀rọ̀ àgúnmu àti ẹ̀kọ náà kọ́ yìí?

Ti àwọn ọmọdé ló wú mi lórí jù. Ẹni tó bá ti rí ìyá tó fi itan há ọmọ mọ́lẹ̀, tó di í nímú, tí oògùn kíkorò ń ṣàn sí i láyà, á mọ̀ pé ìlàjì tó wọlé kò lè wo ibà sàn. Láti ọdún 2009 ni hóró Coartem tó ń yòrò nínú omi ti wà. Ẹ fi í sínú ṣíbí, ẹ kán omi sí i. Etí rẹ̀ á kọ́kọ́ rọ̀, á wú, gbogbo rẹ̀ á sì wó bí ògiri alámọ̀ tójò pa, á di omi aláwọ̀ ìyeyè, tó ní adùn èso ṣẹ́rì. Ọmọ á lá a.

Ọmọ tí gìrì ń mú ńkọ́, tí kò lè gbé nǹkan mì, tí ilé ìwòsàn sì jìnnà sí abúlé? Wọ́n ti ṣe artesunate bí hóró kékeré tó mú lẹ́nu, 100 mílígíráàmù, fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà. Ìdí ọmọ ni wọ́n ń tì í sí. Ẹni tó gbé ọmọ lọ́wọ́ á pa ìdí náà pọ̀ díẹ̀ kó má baà tu jáde, lẹ́yìn náà kó pọ̀n ọ́n, kó di ọ̀nà ilé ìwòsàn, nítorí abẹ́rẹ́ ṣì kù níwájú. Kí wọ́n tó débẹ̀, oògùn á ti máa bá ibà jà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà.