Balógun: Ẹni Tó Ni Ogun, Tàbí Ẹni Tó Wà Lójú Ogun?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò lónìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Balógun jẹ́ orúkọ ìdílé, ó jẹ́ orúkọ ọjà ńlá l'Ékòó, wọ́n ń jẹ ẹ́ lóyè ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ ní mọ́sálásí. Ó ti mọ́ wa lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í bi í pé kí ló ń sọ. Àwọn tó tiẹ̀ ń gbìyànjú láti túmọ̀ rẹ̀ ń ṣe é ní ọ̀nà mẹ́ta, méjì nínú rẹ̀ kò dúró rárá, ẹ̀kẹta sì ni mo fẹ́ bá jiyàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí tó rọrùn. Àwọn kan ní Balógun ni "ẹni tó ń bá wọn l'ógun", ìyẹn ẹni tó ń bá ọ̀tá jà. Ó dùn létí, àmọ́ ohùn kò jẹ́. Bá tí a ń sọ yìí, ohùn òkè ló ní. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti ibẹ̀ wá, Bálógun là bá máa pè é, kò sì sí ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Àárín ni ohùn ba wà. Ẹ rántí ohun tí mo máa ń sọ ní kíláàsì: nínú èdè Yorùbá, ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́, egungun ọ̀rọ̀ ni.

Àwọn kejì ní Ògún òrìṣà ló wà nínú rẹ̀, nítorí pé irin àti ìjà jẹ́ ti Ògún. Èyí náà kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ogun tí à ń jà, àárín àti àárín ni. Ògún òrìṣà, ìsàlẹ̀ àti òkè ni. Ẹni tó ń jẹ́ Ògúnmọ́lá gbé orúkọ òrìṣà rù, ẹni tó ń jẹ́ Balógun gbé orúkọ iṣẹ́ rù. Pé irin wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì kò sọ ọ̀rọ̀ méjì di ọ̀kan. Bí a bá fẹ́ máa fi ìjọra túmọ̀ ọ̀rọ̀, a máa so ogún tí à ń jẹ, òógùn tí à ń là àti oògùn tí à ń lò mọ́ ọn, a ó wá padà sọ pé gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá kan.

Ó wá ku àlàyé kẹta, èyí tó ní láárí: Balógun ni "ọba tó ni ogun", olówó ogun, ẹni tí ogun jẹ́ tirẹ̀. Nínú àlàyé yìí, ọba tàbí baba ni ba dúró fún. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí. A mọ̀ pé baálé ti ara baba ilé wá, nítorí náà kì í ṣe ohun tuntun kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kúrú. Ibi tí mo ti dúró ni ọ̀rọ̀ kékeré tó wà láàárín, ìyẹn ní.

Ẹ mọ ohun tí ní máa ń ṣe. Bó bá pàdé fáwẹ̀lì tí kì í ṣe i, ó máa di l, fáwẹ̀lì tirẹ̀ á lọ, àmọ́ á fi ohùn òkè rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó pàdé. Ní oko di l'óko, ní ọjà di l'ọ́jà, ní ogun di l'ógun. Títí dé ibí, kò sí wàhálà. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nítorí pé ní méjì ló wà: ọ̀kan ń sọ ohun tí èèyàn ní lọ́wọ́, ìkejì ń sọ ibi tí èèyàn wà. Mo ní oko. Mo wà ní oko. Àwọn méjèèjì ló sì ń bọ́ sínú orúkọ oyè àti iṣẹ́. Babaláwo, baba tó ní awo ni, awo wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ Ìyálọ́jà ńkọ́? Ṣé òun ló ni ọjà ni? Rárá o. Ìyá ni ní ọjà. Bó bá kúrò lọ́jà tó délé, ọkọ rẹ̀ àti ìyá ọkọ rẹ̀ kò jẹ́ ọmọ abẹ́ rẹ̀. Ìyálóde náà, ìyá ní òde ni, kì í ṣe ẹni tó ra òde.

Èwo wá ni Balógun nínú méjèèjì? Gírámà nìkan kò lè dá ẹjọ́ yìí. Samuel Johnson, ẹni tí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1921, túmọ̀ rẹ̀ sí olúwa nínú ogun, kì í ṣe olówó ogun. Ṣùgbọ́n ẹ má gba Johnson gbọ́ nítorí pé ó jẹ́ Johnson. Ẹ wo bí àwọn ìlú ṣe lo oyè náà.

Ní Ìbàdàn, ìlú tí àwọn jagunjagun tẹ̀dó sí ní nǹkan bí 1829, Baálẹ̀ ń jókòó sílé, Balógun ń kó ogun jáde. Balógun Odérìnlọ́ ló ṣíwájú nígbà tí wọ́n lé ogun Ìlọrin sẹ́yìn l'Óṣogbo ní 1840. Balógun Ìbíkúnlé ló ṣíwájú nínú ogun Ìjàyè, láti 1860 sí 1862. Gbogbo okìkí yẹn, Ìbíkúnlé kú ní 1864 láì jẹ Baálẹ̀ rí. Ọlá rẹ̀ pọ̀, ọmọ ogun rẹ̀ pọ̀, àmọ́ àga ilé kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ wá wo Ìjẹ̀bú Òde. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, àwọn ìdílé Balógun á gun ẹṣin tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n á yìnbọn sókè, gbogbo ayé á máa ya fọ́tò. Níbo ni wọ́n ń lọ? Ojúde Ọba ni. Wọ́n ń lọ kí Awùjalẹ̀. Bí ìmúra wọn ṣe dára tó, bí ẹṣin wọn ṣe ga tó, ìkíni ni wọ́n ń bá lọ. Ìyẹn gan-an ni ìtumọ̀ l'ógun tí mo ń sọ: ọ̀gá lójú ogun, ẹni tó ń kí ọba nílé.

Àwọn ará Ọ̀yọ́ Ilé mọ ọ̀rọ̀ yìí kó tó di pé Ìbàdàn dé. Àṣà wọn ni pé Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò kì í gbé inú Ọ̀yọ́. Ìlú tó jìnnà síbẹ̀ ló ń gbé. Ìbẹ̀rù ló wà nídìí àṣà náà, ìbẹ̀rù tó sì bọ́gbọ́n mu ni, nítorí Àfọ̀njá, Kakaǹfò tó wà n'Ílọrin, ló kẹ̀yìn sí Aláàfin ní nǹkan bí 1817. Ọ̀yọ́ Ilé kò gbádùn mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Prof, ṣé àwọn Balógun wọ̀nyí gbà kí wọ́n fi ogun mọ sí ojú ogun?" Ìbéèrè tó dára ni. Rárá, gbogbo wọn kọ́ ló gbà. Jagunjagun tó ní ọ̀pọ̀ ẹrú àti ìbọn nínú ọgbà rẹ̀ kì í di aláìlágbára nítorí pé ó délé. Kúrunmí ti Ìjàyè jẹ́ Kakaǹfò, ó tún jẹ́ olórí ìlú, kò sì sí ẹni tó lè dá a lẹ́kun nílé tàbí lóko. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kì í ṣe ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ohun tí ọ̀rọ̀ ń ṣe ni pé ó ń jẹ́rìí sí ohun tí àwọn tó dá a sílẹ̀ rò pé ó tọ́, bí èèyàn tilẹ̀ ń rú u.

Ìdí tí mo fi ń yọ ara mi lẹ́nu lórí ní kékeré yìí nìyẹn. Láti oṣù Kìíní 1966 títí di 1979, àti láti òpin 1983 títí di 1999, bí a bá yọ oṣù díẹ̀ ti 1993, ohun tí a pe ìjọba tó wà lórí wa ni ìjọba ológun. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà: oní ogun, àwọn tó ni ogun. Níbẹ̀, ní ti ohun ìní ni, kò sì sí ààlà kankan nínú rẹ̀. Bí a bá wá ń túmọ̀ Balógun gẹ́gẹ́ bí ọba tó ni ogun, a ti sọ baba ńlá ọ̀rọ̀ náà di ẹgbẹ́ ológun, a sì ti pa ẹ̀rí kan run: pé àwọn tó jagun jù wá lọ ti rò ó pé ó yẹ kí agbára ogun ní ibi tó máa mọ.

Oyè náà ti yí padà, mo mọ̀. Ní Ìlọrin, àwọn Balógun di olórí àdúgbò. Ní Ìbàdàn, ìlà Balógun àti ìlà Ọ̀tún ló ń pín ipò Olúbàdàn jẹ ní àkókò tiwa, débi pé Ọba Lekan Balogun tó gorí oyè ní 2022, tó ń jẹ́ Balógun ní orúkọ ìdílé, ìlà Ọ̀tún ló gbà débẹ̀! Kò burú. Ìlú tó ti jáwọ́ nínú ogun lè fún Balógun ní iṣẹ́ mìíràn. Àmọ́ nígbà tí a bá fi olówó kan jẹ Balógun ìjọ, tó wá ń pàṣẹ fún pásítọ̀, tó ń yan ẹni tó máa kọrin, tó ń ṣe bí ẹni pé òun ló ni ilé Ọlọ́run, ẹ rántí pé oyè tó ń jẹ kò fún un ní ìyẹn. Kí ó tiẹ̀ kọ́kọ́ sọ ogun tó jà fún wa.

Ẹ̀yin tí ẹ wá láti Èkìtì, Oǹdó, Àkókó àti Kétu, ẹ kọ̀wé sí mi: kí ni ìlú yín ń pe olórí ogun láyé àtijọ́, ibo sì ni àga rẹ̀ máa ń wà nígbà tí ìlú bá pé síwájú ọba? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àmì ohùn sí i.