Bí Ọ̀rọ̀ Bá Kọjá Ẹkún: Àyẹ̀wò Fíìmù Snatched (2017)

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á fi í rín. Òwe yìí ni ó yẹ kí a fi díwọ̀n fíìmù apanilẹ́rìn-ín èyíkéyìí tí ó bá mú ìjìyà ẹ̀dá ṣe kókó ọ̀rọ̀. Ohun tí òwe náà ń fi yé wa ni pé ẹkún ni ó ṣáájú. Ẹ̀rín kì í dé àfi ìgbà tí ẹkún kò bá ká ọ̀rọ̀ náà mọ́. Fíìmù tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò níhìn-ín ni Snatched, tí Katie Dippold kọ, tí Jonathan Levine sì darí. Oṣù karùn-ún ọdún 2017 ni ó jáde ní Amẹ́ríkà. Èrò wa ni pé fíìmù náà bá òwe yìí mu níbi tí ó ti ń sọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ, ṣùgbọ́n ó kùnà níbi tí ó ti ń sọ̀rọ̀ àwọn onílé tí ìyá àti ọmọ náà lọ bá.

Àhunpọ̀ Ìtàn

Emily, tí Amy Schumer ṣe, ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí owó ìrìn àjò ìgbafẹ́ wọn sí Ecuador ti di sísan tán. Owó náà kò sì ṣe é gbà padà. Nítorí èyí ni ó ṣe rọ ìyá rẹ̀, Linda, tí Goldie Hawn ṣe, pé kí ó bá òun lọ. Linda kì í fẹ́ kúrò nílé. Òun àti àwọn ológbò rẹ̀ àti Jeffrey, ọmọkùnrin rẹ̀ tí ẹ̀rù ìta ń bà, ni wọ́n jọ ń gbé.

Ní Ecuador, ọkùnrin arẹwà kan tí ń jẹ́ James fi ẹnu dídùn tan Emily. Ó gbé tìyá-tọmọ jáde láti lọ wo ìlú, ibẹ̀ sì ni àwọn ajínigbé ti kó wọn. Morgado ni ọ̀gá àwọn ajínigbé náà. Tìyá-tọmọ sá mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n bá ara wọn ní Colombia, wọ́n sì ń wá ọ̀nà tí wọn yóò gbà dé ọ́fíìsì aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ní Bogotá. Nílé, Jeffrey kò jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìjọba kan sinmi lórí tẹlifóònù. A rí i pé àhunpọ̀ ìtàn náà kò lọ́jú: ìrìn àjò, ìdẹkùn, àsálà, ìpadàbọ̀.

Ìfìwàwẹ̀dá: Ìyá àti Ọmọ

Ibí ni agbára fíìmù yìí wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Emily ń yẹ aṣọ wò ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń rojọ́ ìrìn àjò rẹ̀ fún obìnrin kan. Oníbàárà ni a pè é. Ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn ni ó wá hàn pé òun gan-an ni òǹtajà, obìnrin tí ń dúró sì ni oníbàárà. Kò sí ẹnikẹ́ni tí ó sọ fún wa pé tara rẹ̀ nìkan ni ọ̀dọ́mọbìnrin yìí mọ̀. Ìṣe rẹ̀ ni ó sọ ọ́. Olùkọ́ tí ó bá ń wá àpẹẹrẹ ìfìwàwẹ̀dá nípasẹ̀ ìṣesí kò ní rí èyí tí ó já gaara jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti Linda, ẹ̀rù rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi pa wá lẹ́rìn-ín. Ní etí odò ìlúwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì, ó fi aṣọ bo ara rẹ̀ dé ọrùn, ó sì ń fi ìpara tí ń dènà oòrùn kun ọmọ rẹ̀ tí ó ti dàgbà. Èmi àti ọmọ mi obìnrin, tí ó ti wà ní yunifásítì, ni a jọ wo fíìmù yìí. Níbẹ̀ ni ó ti pariwo pé, “Màmá, ẹ̀yin gan-an nìyí!” Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Kò pẹ́ tí ẹ̀rù tí a fi ṣe ẹlẹ́yà yẹn fi di òye. Ìyá kò fọkàn tán James. Ọmọ ni kò gbọ́. Síbẹ̀, òǹkọ̀wé kò kàn dá ìyá láre. Ó jẹ́ kí Linda rí i pé ìbẹ̀rù ti gba ọdún púpọ̀ lọ́wọ́ òun, ó sì jẹ́ kí Emily rí i pé ìyá òun kì í ṣe ẹrù. Irú ẹ̀rín báyìí ní ẹkún nínú.

Láti ọdún 2002, nígbà tí The Banger Sisters jáde, Hawn kò tíì ṣe fíìmù mìíràn títí di èyí. Kò fi ipá wá ẹ̀rín. Àléébù ibẹ̀ ni pé Schumer ni wọ́n fún ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwàdà, tí Hawn sì ń fi ojú lásán dáhùn. Joan Cusack, tí ó ṣe Barb, kò fọhùn rárá, síbẹ̀ ara rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ju ẹnu ọ̀pọ̀ lọ.

Ẹ̀rín àti Ikú

Nígbà tí Emily ń jà fún ẹ̀mí ara rẹ̀, ó fi ṣọ́bìrì gbá ọ̀kan nínú àwọn ajínigbé lórí, ẹni náà sì kú. Lẹ́yìn náà, ohun èlò tí a fi ń ta ẹja lọ́fà pa ẹnì kejì. Ẹbí Morgado ni àwọn méjèèjì. Roger, ará Amẹ́ríkà kan tí ó ní òun yóò ṣamọ̀nà wọn nínú igbó, di ìtàkùn mú, ó sì já sí ọ̀gbun. Ẹ̀rín ni wọ́n fẹ́ kí a fi gba gbogbo ikú wọ̀nyí.

Ẹnì kan lè sọ pé ajínigbé ni àwọn méjì àkọ́kọ́, àti pé eré ni eré ń jẹ́. A gbà bẹ́ẹ̀. A kò ní kí wọ́n fi ìyà jẹ Emily. Ohun tí a ń bèèrè ni pé kí ikú ní ìwọ̀n. Ọmọ mi tí ó ti ń rẹ́rìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dákẹ́ díẹ̀, ó sì bi mí pé, “Màmá, ọkùnrin yẹn, ṣé kò ní ìyá ni?” Nínú fíìmù tí ó dá lórí ìfẹ́ ìyá sí ọmọ, ìbéèrè yẹn tọ́. Morgado ní ẹbí tí ó ń ṣọ̀fọ̀, ṣùgbọ́n ìbínú rẹ̀ nìkan ni òǹkọ̀wé ń lò láti fi lé ìtàn síwájú. Kò fún ọ̀fọ̀ rẹ̀ ní àyè kankan.

Ibùdó Ìtàn

Ecuador àti Colombia, tí wọ́n pààlà, ni ibùdó ìtàn, ṣùgbọ́n Hawaii, tí ó jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti ya fíìmù náà. Ọmọ ilẹ̀ Sípéènì ni Óscar Jaenada tí ó ṣe Morgado. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú pé a fi ibì kan ṣe ibòmíràn. Ohun tí ó burú ni pé kò sí ohun tí ó ya ilẹ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ lójú ẹni tí ń wòran: igbó ni, ewu ni. Nígbà tí dókítà kan yọ aràn inú Emily, ìríra ni wọ́n tẹ̀ mọ́ wa lójú, kì í ṣe oore tí wọ́n ṣe fún un.

Àlejò ní ojú, kò fi ríran. Bí Emily kò bá mọ ìlú, ìyẹn lè dára fún àwàdà, nítorí àìmọ̀ rẹ̀ ni a ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n nígbà tí fíìmù fúnra rẹ̀ kò bá mọ ìlú, àwọn onílé ni ẹ̀rín náà ń bọ̀ wá bà.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹ̀kọ́ kan wà níhìn-ín fún àwa olùkọ́ àti olùdánwò. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó máa ń kọ ọ́ pé iṣẹ́ kan “pa ni lẹ́rìn-ín,” tí a sì ń fún wọn ní máàkì. Ó yẹ kí á máa bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ni ń rẹ́rìn-ín? Ta ni a ń rín? Kí ni ó kù nígbà tí ẹ̀rín bá tán? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá sì fi ẹ̀rí inú iṣẹ́ náà gbe àléébù rẹ̀ lẹ́yìn kò gbọdọ̀ pàdánù máàkì sí ẹni tí ó kàn ń yìn ín. Ìsọkúsọ pọ̀ nínú Snatched, nítorí náà kò yẹ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé wa láti wò. Ṣùgbọ́n olùkọ́ lè fi ẹnu sọ ìtàn inú ṣọ́ọ̀bù náà àti ti ṣọ́bìrì náà fún wọn, kí ó sì ní kí wọ́n fi ẹ̀rín kan wé èkejì.